Ọkọ̀ Mẹ́tàlá Bàbá Atẹ̀wé

Ojo kerin, osu keji

Koma omo mi,

Se daadaa lo wa? Ise nko? Ara mi le, mo n jeun, mo n sun. Tisa ni ki n ki o. Osan gbogbo lo n wa sibi, a si n jokoo ti tabili wa bi eni to n lo senu ise.

Oro kan soso ni mo ba wa. Mo fe ki o wa oko. O ti pe ti mo ti n ro o, sugbon mo ro pe emi funra mi ni n oo se e. Mo ti wa ri i bayii pe ko see se mo, odo yin nikan ni a ti le ri i. Ko di dandan ko tobi, kekere naa to. Sugbon ko gbodo fuye, ki ategun ma baa bi i lule. Ti awon ara Ila-Oorun ni mo fe, ti aye atijo. Tisa fe foju kan an ki osu kefa to pari, nitori omo re n bo wa mu un lo sodo ara re. Odun mefa ni awa mejeeji ti n duro.

Ma je ko pe. Oro po ninu iwe kobo.

Baba re, Atewe.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Tíṣà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí mò ń dúró sí, ooru ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà, aṣọ ibùsùn funfun á kàn máa jáde, á máa jáde, bíi pé kò ní tán láéláé, gbogbo nǹkan á wá rí bí ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo ka ìwé yín láàárín àwọn aṣọ yẹn. Mo rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀.

"Mo fe ki o wa oko."

Bàbá, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Ẹ ò bi mí bóyá ó ń rẹ̀ mí, ẹ ò bi mí bóyá mò ń dá jẹun. Ẹ ní kí n wá ọkọ. Ẹ tún wá ń ṣa ọkọ fún mi bí ẹni ń ṣa bàtà! Pé kò di dandan kó tóbi. Pé kò gbọdọ̀ fúyẹ́ kí atẹ́gùn má baà bì í lulẹ̀. Pé tayé àtijọ́ ni kó jẹ́, àfi bí ẹni pé arúgbó ni kí n lọ gbé wálé. Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti Tíṣà. Kí ló kan Tíṣà nínú ọkọ tí n óò fẹ́, tó fi ń ka oṣù sí i? Ọdún mẹ́fà lẹ̀yin méjèèjì fi jókòó ti tábìlì, tẹ́ ẹ ń dúró de ọkọ mi!

Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín? Ará Ìlà-Oòrùn lẹ kọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ níbí àyàfi èmi àti òun.

Ó dáa. Ẹnì kan wà. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó aṣọ láti ilé ìwòsàn wá sọ́dọ̀ wa. Ìlà-Oòrùn jíjìn ni wọ́n ti bí i, ó ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, wọn ò bímọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bó bá dé, kì í fun fèrè, ńṣe ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n óò fi fúnra mi rí i nínú ooru yẹn. Ọdún méjì rèé. Mi ò kọ ọ́ sí yín nítorí mi ò mọ bí ẹ ó ṣe gbà á, ọjọ́ tí mo bá sì gbé bírò láti kọ ọ́, ọwọ́ mi á kàn kọ ọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́.

Nísinsìnyí tẹ́ ẹ ti mọ̀, ẹ sọ tẹnu yín. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i ni àbí ẹ ò fọwọ́ sí i?

Èmi Kọ́mà yín, tí ìwé yín dùn wọ eegun.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Kọ́mà ọmọ mi,

A kí ọ o. Tíṣà ló ń kọ ìwé yìí, èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ní kó fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan èyí tí kò nílò rẹ̀.

Ọkọ̀ ni mo ní kí o wá. Re, dò. Kì í ṣe re, re! Ọkọ̀ ojú omi, kékeré, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì. Tíṣà ti rẹ́rìn-ín débi pé bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkọ ẹnikẹ́ni, pé tòun gan-an bí ọkọ ìyàwó, òun ò fi bẹ́ẹ̀ yege nínú rẹ̀.

O mọ tábìlì ńlá tí ilé ìtẹ̀wé fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, èyí tí mo máa ń to lẹ́tà òjé lórí rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. A tẹ́ aṣọ búlúù sí i. A gé páálí sí ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ìkejì, ó di ilẹ̀, àárín rẹ̀ wá di ọ̀nà omi tóóró. Bí oòrùn ọ̀sán bá gba ojú fèrèsé wọlé, tí kọ́tìnnì ń mì, omi náà a máa rìn. Èmi àti Tíṣà á kàn máa wò ó. Nígbà mìíràn wákàtí kan á kọjá bẹ́ẹ̀.

Ogun àwọn ará Kòríà àti àwọn ará Jàpáàn ni, ó lé ní irinwó ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ mẹ́tàlá péré ti àwọn ará Kòríà ló dúró dí ọ̀nà omi náà, ọkọ̀ ogun mẹ́tàléláàádóje sì ń bọ̀ wá bá wọn. Mẹ́tàlá, Kọ́mà! Omi ibẹ̀ a máa sáré gba ọ̀hún, tó bá yá, á yí padà, á máa sáré gba ìhín. Àwa náà ní òfin tiwa. Dáìsì la ń jù fún atẹ́gùn àti fún ìbọn, bí a bá sì ti jù ú yípo mẹ́fà, omi á yí padà, ẹni tí omi ń gbé lọ tẹ́lẹ̀ á di ẹni tí omi ń tì sẹ́yìn.

Ọkọ̀ mẹ́tàléláàádóje yẹn, èmi ni mo fi igi gbẹ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó oríkèé ìka. Ọdún mẹ́fà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn mẹ́tàlá sẹ́yìn, kí ọwọ́ mi lè ti gbó sí iṣẹ́ náà kó tó kàn wọ́n. Ìgbà tó wá kàn wọ́n, ojú mi kò ríran mọ́ fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. A ti gbìyànjú láti fi bọ́tìnnì dípò wọn, àmọ́ Tíṣà ní òun ò lè lu bọ́tìnnì lálùbolẹ̀ kí òun máa yangàn. Òótọ́ ló sọ. A kò tíì ja ogun náà rí. Ìparí oṣù kẹfà ni ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn.

Ìyókù ohun tó wà nínú ìwé rẹ, mo kà á.

Bàbá rẹ, Atẹ̀wé.

Èmi Tíṣà nìyí o. Bàbá rẹ ti wọlé lọ. Ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ, má dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n, láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Dókítà ti rí i, ó ní kò ní pa á, àmọ́ kò ní fi í sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ sí ọ, ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Kò fi àmì sí i nítorí pé bó bá fẹ́ fi àmì sórí lẹ́tà kan, orí lẹ́tà kejì ló ń bọ́ sí. Bó bá bínú pé mo sọ fún ọ, èmi ló máa bá jà, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún un.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ rántí ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ nígbà tí mo dé ibí. Ẹ fi yíǹkì pupa sàmì sí ibi mẹ́rìnlélógún tí mo ti gbàgbé àmì ohùn, ẹ fi sínú àpò ìwé, ẹ dá a padà sí mi láti òkè òkun! Bàbá tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló kọ̀wé sí mi láìsí àmì kan ṣoṣo, mi ò sì bi ara mi pé kí ló ṣe é. Ọkọ ni mo rí níbẹ̀. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Mo sunkún nínú ooru ẹ̀rọ yẹn, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì rò pé òógùn ni. Ẹ má pe ọwọ́ ní ojú fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Mo ti wá ọkọ̀ yín o. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni mo fi wá a, awakọ̀ ló ń gbé mi kiri. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọmọ ìkòkó ni wọ́n ń ta nǹkan ìṣeré fún. Ní ìkejì, ọkọ̀ ojú omi kún ibẹ̀ bí iyanrìn, àmọ́ tàwọn òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Ìkẹta wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ ní láti tẹ̀ba kẹ́ ẹ tó wọlé, àpótí onídúrọ́ọ̀ ló wà lára ògiri láti òkè délẹ̀, ó rí bí àpótí lẹ́tà òjé yín gẹ́lẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. Ó bi mí pé, "Ogun wo?" Mo ní ogun orí omi. Ó ní, "Ogun orí omi ta ni?" Mo ṣàlàyé. Ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára.

"Ti Ìlà-Oòrùn," ó ní, "ṣàṣà lẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó bá rí i, kó yáa dì í mú. Báwo lo ṣe fẹ́ kó tóbi tó?"

Mo na ìka mi sí i. Ó fi rúlà wọn oríkèé rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sórí páálí, ó gun àkàbà lọ sókè, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé ó ti sùn. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, mẹ́tàlá pé lọ́wọ́ rẹ̀, òjé ni wọ́n fi dà wọ́n. Wọ́n ní òrùlé tó bo gbogbo ẹ̀yìn wọn, ẹ̀gún wà lórí òrùlé náà, orí ẹranko wà níwájú. Ọkọ̀ ìjàpá lorúkọ wọn. Ó ní ti Kòríà ni, ti ayé àtijọ́, kò sì sí èyí tó lókìkí tó o. Mo ti fi wọ́n sínú òwú, mo ti fi ránṣẹ́.

Bàbá, ẹ kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa ọkọ̀, ẹ ò kọ ìlà kan nípa awakọ̀. Mo ṣì ń dúró.

Kọ́mà yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Kọ́mà,

Àpótí rẹ dé láyọ̀. Tíṣà ló ṣí i, èmi ń wò. Wọ́n rẹwà. Èmi tí mo fi òjé ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo mọ òjé tí wọ́n dà dáadáa. Tíṣà gbé ọ̀kan sí mi látẹ́lẹwọ́, ó tutù, ó sì wúwo, ọwọ́ mi sì sinmi díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi. Wàá rí ẹni ṣe é fún ọ.

Àmọ́ kò sí ọkọ̀ ìjàpá kankan nínú ogun yẹn!

Gbogbo wọn ti rì ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nínú ogun mìíràn tí wọ́n ti pàdánù. Àwọn mẹ́tàlá tó kù, orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn ò ní òrùlé, gbangba làwọn jagunjagun dúró sí. Ìdí tí èmi fi fẹ́ràn wọn gan-an nìyẹn. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé irin tó ń jagun, kí ló ń ṣe? Tíṣà ní kí n jẹ́ ká fi wọ́n jà bẹ́ẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Mo ní èmi á mọ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé, bí lẹ́tà kan bá ṣì, mo máa ń tú gbogbo ojú ìwé palẹ̀ ni, Tíṣà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bínú lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Ó ti padà wá, òun náà ló ń kọ eléyìí, ó ní kí n sọ fún ọ pé olórí kunkun ni mí.

Bá wa wá àwọn tí orí wọn tẹ́. Kò sí àyè mọ́.

Ohun kejì tí o béèrè, mo gbọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ ní ẹ gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí sọ nìyẹn. Mo pe awakọ̀, mo ní "Bàbá mi ti dáhùn," ojú rẹ̀ tàn, ó ní kí ni wọ́n sọ? Mo ní wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó rò ó títí, ó wá ní, "Ó dáa ju kí wọ́n má gbọ́ lọ." Ẹ rí irú èèyàn tó jẹ́.

A padà lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Bàbá àgbàlagbà náà ní àwọn tí orí wọn tẹ́ kò wọ́pọ̀, pé ọkọ̀ ìjàpá ni gbogbo ayé ń rà nítorí ẹwà rẹ̀. Ó júwe ọkùnrin kan fún wa, ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń da ọkọ̀ ogun nínú ilé ìdáná rẹ̀. A débẹ̀. Eyín ń bẹ lórí pèpéle, ọkọ̀ ń bẹ láàárín eyín. Ó mọ ọkọ̀ yín! Ó mọ ogun náà! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ awakọ̀. Àmọ́ ó ní oṣù kẹwàá kó tó lè ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kún. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òjé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tá à ń bọ̀, mo bi awakọ̀ bóyá wọ́n kọ́ ọ ní ìtàn ogun yẹn níléèwé. Ó ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó jọ pé òun sùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tá a ti rìn díẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ láìwojú mi, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Abẹ́ òrùlé ìjàpá yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ kan náà ni? Bí wọ́n bá ṣí i kúrò ńkọ́?"

Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ gidi ni tàbí ọ̀rọ̀ awakọ̀ lásán. Mo kàn fi ránṣẹ́ sí yín.

Bàbá, ó ti bi mí bóyá n óò fẹ́ òun. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn bàbá mi ná. Bẹ́ ẹ bá ní rárá, ẹ sọ pé rárá, kí n mọ ibi tí mo máa gbé ẹrù mi sí. "Mo gbọ́" yìí kò ṣeé gbé dúró, kò ṣeé gbé jókòó.

Kọ́mà yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Kọ́mà,

Ta ló kọ́ ọkùnrin yẹn ní ọgbọ́n?

A yẹ ìwé wò. Òótọ́ ni. Ara ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ìjàpá, òrùlé ni wọ́n kàn fi kún un. Ẹni tó sùn ní kíláàsì ló rí ohun tí èmi àti Tíṣà ò rí fún ọdún mẹ́fà. Tíṣà ti fi ogójì ọdún na àwọn tó ń sùn ní kíláàsì, ẹnu rẹ̀ wọhò. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí bíbẹ́ gan-an ni oògùn.

Tíṣà ń fi ayùn irin gé òrùlé wọn kúrò, èmi ń fojú ṣọ́ ọ, mò ń pariwo lé e lórí. Ọwọ́ tirẹ̀ dúró ṣinṣin, àmọ́ kò mọ ibi tó yẹ kó gé, èmi mọ ibi tó yẹ kó gé, ọwọ́ ò dúró. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Márùn-ún ti pé. Òjé tó fọ́ wẹ́wẹ́ kún orí aṣọ búlúù, oòrùn sì ń mú un tàn bí ẹja kéékèèké. Àwa méjèèjì jókòó wò ó títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, a ò gbá a kúrò.

Sọ fún un kó ṣì ní sùúrù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ń ní sùúrù. Èmi ni kò ní sùúrù mọ́. Mi ò ní béèrè mọ́ o. Ẹ kí Tíṣà, ẹ ní ó dìgbà.

Kọ́mà.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Kọ́mà ọmọ mi,

Èmi fúnra mi ni mo kọ èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ọ́, ìlà mélòó kan lójúmọ́, mo gbé ọwọ́ òsì lé ọwọ́ ọ̀tún kó má baà máa ta. Bí ibì kan kò bá ṣeé kà, fi ojú inú kà á.

Tíṣà ti lọ. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ni ọmọ rẹ̀ wá mú un. Òrùlé kẹtàlá kúrò ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó lọ gan-an la to gbogbo wọn sórí omi, mẹ́tàlá níhìn-ín, mẹ́tàléláàádóje lọ́hùn-ún. Mi ò lè sọ bó ṣe rí fún ọ. Ó dà bíi pé orí òkè kan la dúró sí, tí à ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi sì gbá mẹ́rin dànù. Tíṣà tò wọ́n padà, ó ní, "Máa sọ, màá máa gbé e." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé tèmi, tó ń gbé tirẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ jà nítorí tèmi.

A ju dáìsì yípo márùn-ún. Mẹ́rin nínú tèmi ti rì, mẹ́sàn-án ló kù. Ó ku ìyípo kan kí omi yí padà. Ibẹ̀ la wà tí fèrè mọ́tò fi dún níta. Tíṣà gbé dáìsì sílẹ̀, ó ní, "Má fọwọ́ kàn án o, mò ń padà bọ̀ wá parí rẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Àgbà méjì ni wá, a mọ irọ́ tó yẹ kí a gbà fún ara wa. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì rèé tí èmi nìkan ń jókòó ti omi yẹn. Eruku ti ń bà lé wọn. Mo ń dá wà, Kọ́mà. Mo ń dá wà gidigidi, n kò ní pe ọwọ́ ní ojú fún ọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ awakọ̀. N kò lè sọ ọ́ sí Tíṣà létí kó máa bá mi kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ bàbá ọmọ ni mí. Ìdí kan nìyẹn. Ìdí kejì ni pé inú bí mi. Ọdún méjì! Ọkọ̀ ni mo wá lọ, ọkọ ni mo bá pàdé, bí mo bá fi àmì sí ìwé mi, bóyá títí di òní n kì bá tíì mọ̀. Ìdí kẹta ló burú jù, ọjọ́ tí mo gbà á fún ara mi kò tíì pẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ní kí o fẹ́ ẹ, o ò ní padà wálé mọ́. Tí mo bá sì ní kí o má fẹ́ ẹ, o ò ní kọ̀wé mọ́. Àmọ́ tí n kò bá sọ nǹkan kan, ìbéèrè á wà níbẹ̀, wàá sì máa kọ̀wé láti béèrè. Mo fi ìdáhùn dè ọ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni de ewúrẹ́. Ìwà àgbààyà ni. Foríjì mí.

Mo ti ronú nípa ọkùnrin náà. Ẹni tó gbọ́ pé bàbá kan tí kò rí rí fẹ́ ọkọ̀ òjé mẹ́tàlá, tó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá a kiri, tí kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í fun fèrè. Ẹni tí mo ní kó ní sùúrù tó sì ní sùúrù. Mo fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ni mo fi fọwọ́ sí i, kò sì sí ibi tó gbọ̀n dé tí kò fi jẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ.

Ẹ fẹ́ ara yín. Ibi tó bá wù yín kẹ́ ẹ máa gbé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá, ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ ni kí o máa bá mi gbé tèmi, wàá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi á máa sọ, ìwọ á máa gbé e. Òun ní tirẹ̀, àga Tíṣà ṣófo ní ìhà ọ̀hún. Ní kó wá jókòó síbẹ̀. Ọkọ̀ ogun púpọ̀ ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló wà lọ́wọ́ wa.

Kó má rò pé nítorí pé ó jẹ́ àna mi, mo máa dá a sí. Omi fẹ́ yí padà.

Bàbá rẹ tó ń retí yín,
Atẹ̀wé.